Iwájú Igbó Ni Ọdẹ Ń Kúnlẹ̀ Sí, Kì í Ṣe Ẹ̀yìn Rẹ̀: Bí Tafàtafà Ṣe Ń Lúgọ De Elk

Ẹni tó bá ti wo fídíò àwọn ọdẹ Amẹ́ríkà tí wọ́n ń fi ọrun àti ọfà pa elk á ti rí ohun kan tó máa ń ya èèyàn lẹ́nu. Ọdẹ á kúnlẹ̀ síwájú igi páìnì kékeré kan ní gbangba, kò ní sí ewé kankan láàárín òun àti ẹran. Akọ elk á yọ láti inú igbó, á máa fi ìwo ya ẹ̀ka igi bọ̀, á rìn títí àlàfo àárín wọn kò fi ní ju mítà 20 lọ, síbẹ̀ kò ní rí ọdẹ. Ẹni tó ń wò ó nílé á ní: ṣé ojú ẹran yìí fọ́ ni? Kí ló sì dé tí ọkùnrin yìí kò lọ sá sẹ́yìn igi náà, kó máa yọjú díẹ̀díẹ̀, kó ta ọfà rẹ̀ láti ibẹ̀?

Ojú ẹran náà kò fọ́. Ẹ̀yìn igi tí àwa rò pé ó dára yẹn gan-an ni ọ̀pọ̀ ọdẹ tuntun ti ń pàdánù ẹran. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni mo fẹ́ tú palẹ̀ níbí, nítorí bó bá ti yé èèyàn, ìyókù ohun tí àwọn tafàtafà wọ̀nyí ń ṣe nínú igbó á yé e: ibi tí wọ́n ń yàn láti kúnlẹ̀, ìgbà tí wọ́n ń fa ọrun, àti ìyẹ̀fun tí wọ́n ń fẹ́ sínú afẹ́fẹ́ ṣáá.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mọ ẹran tí à ń sọ. Elk fẹ́ jọ àgbọ̀nrín lójú, àmọ́ àgbọ̀nrín ilé wa kéré púpọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Akọ tó ti dàgbà lórí àwọn òkè Rocky, ní ìwọ̀ oòrùn Amẹ́ríkà, lè wúwo ju kílò 300 lọ, èjìká rẹ̀ a sì ga tó mítà kan ààbọ̀. Ìwo rẹ̀ a máa já bọ́ lọ́dọọdún, òmíràn a hù. Ti àgbọ̀nrín wa kì í já. Ìpínlẹ̀ Colorado ni elk pọ̀ sí jù ní Amẹ́ríkà, wọ́n sì wà ní Wyoming, Montana àti Idaho pẹ̀lú. Oṣù September ni ọdẹ ọrun àti ọfà sábà máa ń gbóná níbẹ̀, oṣù yẹn náà ni àwọn akọ ń wá abo kiri. Akọ á máa ké igbe gígùn tó ń ròkè gooro, á máa bá akọ ẹgbẹ́ rẹ̀ jà, á sì máa wá abo tó bá gbọ́ ohùn rẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń fi rọ́bà pẹlẹbẹ kan sí àjà ẹnu, tó ń fi í sín ohùn abo jẹ. Akọ á gbọ́, á máa bọ̀. Ibẹ̀ ni iṣẹ́ ti bẹ̀rẹ̀.

Oníbọn lè wà ní mítà 200 sí ẹran kó sì pa á. Tafàtafà kò ní irú àǹfààní yẹn. Ọ̀pọ̀ wọn kì í ta ọfà kọjá mítà 35 tàbí 40, àwọn tó ń lo ọrun àtijọ́ a tiẹ̀ fẹ́ kí ẹran sún mọ́ tòsí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nílé wa, òru ni ọ̀pọ̀ ọdẹ ń wọ igbó. Wọ́n á de iná mọ́ orí, ojú ẹran á tàn yanran nínú òkùnkùn, ìbọn á sì parí ọ̀rọ̀. Colorado kò gba èyí láyè. Láti ìdajì wákàtí ṣáájú yíyọ oòrùn títí di ìdajì wákàtí lẹ́yìn wíwọ̀ rẹ̀ ni òfin gbà kí èèyàn pa elk. Ojúmọmọ ni gbogbo rẹ̀ ti ń ṣẹlẹ̀, níwájú ẹranko tí ìkookò, ẹkùn òkè àti ènìyàn ti ń dọdẹ láti ọjọ́ pípẹ́, tó sì mọ ìṣọ́ ṣe.

Ojú tó fi ń ṣọ́nà yàtọ̀ sí tiwa. Ẹ̀gbẹ́ orí ni ojú rẹ̀ wà, kì í ṣe iwájú, nítorí náà ó ń rí èyí tó pọ̀ jù nínú àyíká rẹ̀ láìyí ọrùn. Ẹ̀yìn rẹ̀ gan-an ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ibi kan ṣoṣo tí kò hàn sí i. Àwọn ẹran ìdílé rẹ̀ kì í mọ pupa àti àwọ̀ ọsàn yàtọ̀ bíi tiwa, àmọ́ búlúù a máa hàn sí wọn dáadáa. Nínú ìmọ́lẹ̀ bàìbàì ti ìdájí àti ìrọ̀lẹ́, ó ń ríran jù wá lọ. Ṣùgbọ́n ohun kéékèèké tó dúró jẹ́ẹ́ kì í hàn sí i kedere tó bó ṣe ń hàn sí wa. Ohun tí ojú yẹn mọ̀ jù lọ ni ìyípadà: ohun tó mì, ohun tí kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ tó wá yọ lójijì, ohun tó dá dúró gedegbe tí ẹ̀yìn rẹ̀ mọ́lẹ̀ kedere.

Wàyí o, ẹ fi ọdẹ kan sẹ́yìn igbó kékeré, ẹ fi òmíràn síwájú rẹ̀, ká wo ohun tí elk máa rí.

Ẹni tó wà lẹ́yìn kò rí ẹran àyàfi tó bá yọrí. Gbogbo ìgbà tó bá yọrí, ohun tuntun ló yọ lókè igbó yẹn: orí ènìyàn lórí èjìká, tí ojú ọ̀run tàbí pápá tó mọ́lẹ̀ sì wà lẹ́yìn rẹ̀. Ẹ rántí eré bojúbojú tí a ṣe ní kékeré. Ẹni tó sá sẹ́yìn ògiri kì í pẹ́ kó tó yọjú wò bóyá wọ́n ti ń bọ̀, yíyọjú yẹn ni wọ́n sì fi ń mú un. Ẹni tó kúnlẹ̀ síwájú igbó kò nílò láti yọjú, nítorí kò sí ohun tó bò ó. Ó ti wà níbẹ̀ kí ẹran tó dé, ẹ̀yìn rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ewé, àwọ̀ aṣọ rẹ̀ àti òjìji ẹ̀ka igi ti dàpọ̀ mọ́ra wọn, kò sì sí ààlà kan tí ojú elk lè fi yà á sọ́tọ̀ pé èyí ni ènìyàn, èyí ni igi. Bí kò bá ti mì, ara igi ló jẹ́.

Ìyẹn ni ti ojú. Ti ọrun fúnra rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, ibẹ̀ sì ni ẹni tí kò tíì di ọrun mú rí kì í rò dé.

Ọrun ń gba àyè. Tafàtafà á na apá òsì síwájú, á fa ọsán sẹ́yìn títí ọwọ́ ọ̀tún á fi dé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, ìgúnpá rẹ̀ á yọ sẹ́yìn ní gíga èjìká. Nígbà tó bá tú ọsán sílẹ̀, apá òkè àti apá ìsàlẹ̀ ọrun á fò síwájú pẹ̀lú agbára. Bí ọ̀kan nínú wọn bá gbá ẹ̀ka igi, ọfà ti ya. Ẹni tó bá wà lẹ́yìn igbó kò lè ṣe gbogbo ìyẹn láìkọ́kọ́ jáde sí ẹ̀gbẹ́. Jíjáde yẹn ló sì máa wáyé nígbà tí ẹran wà ní mítà 20, tó ń wò. Mo ti gbọ́ tí àwọn kan ń sọ pé ìkánjú ni kò jẹ́ kí ọdẹ tuntun rí ẹran pa. Lójú tèmi, ibi tó jókòó sí ló kọ́kọ́ fi í sínú ìkánjú náà.

Ọ̀nà tí ọfà ń gbà tún wà níbẹ̀. Ọfà kì í rìn lórí ìlà tí ojú ń wò. Nígbà tí ọdẹ bá fa ọrun tán, ọfà wà ní nǹkan bíi ìwọ̀n àtẹ́lẹwọ́ kan nísàlẹ̀ ojú rẹ̀. Bó bá tú u sílẹ̀ sí ẹran tó wà ní mítà 35, ọfà á gòkè díẹ̀, á gba orí ìlà ojú kọjá láàárín ọ̀nà, á tún wá máa wálẹ̀ kó tó dé ara ẹran. Nítorí náà, ojú lè rí àlàfo tó mọ́ tónítóní, kí ọfà sì lọ kọlu ẹ̀ka tó rọ̀ sílẹ̀ ní ìdajì ọ̀nà, ẹ̀ka tó wà lókè ibi tí ọdẹ ń wò. Ó sì lè kọlu koríko gíga tó wà níwájú ẹsẹ̀ ọdẹ gan-an, nítorí pé ìsàlẹ̀ ojú ló ti bẹ̀rẹ̀. Orí ọfà tí wọ́n fi ń pa elk ní abẹ lára. Òfin Colorado ní kò gbọdọ̀ fẹ̀ dín ní 7/8 íǹṣì, ìyẹn nǹkan bíi mìlímítà 22. Abẹ tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀, igi tín-ín-rín tó tó ìka ọmọdé ti tó láti yí i kúrò lọ́nà, kó lọ bá ẹran ní ibi tí kò ní pa á. Ìtàn Ọ̀ṣọ́ọ̀sì, ọdẹ tó fi ọfà kan ṣoṣo ṣe ohun tí àwọn ọlọ́fà púpọ̀ kò lè ṣe, tí àwọn ará Brazil àti Cuba ṣì ń pa títí dòní, bá ọ̀rọ̀ yìí mu gan-an: ọ̀pọ̀ ìgbà, ọfà kan náà ni elk ń fún èèyàn láyè láti ta.

Nítorí náà, ohun tó wà lẹ́yìn ọdẹ ló ń pa á mọ́, èyí tó wà níwájú rẹ̀ ló ń dí i lọ́wọ́.

Ṣùgbọ́n igbó kì í ṣe ọ̀kan náà. Lórí àwọn òkè wọ̀nyí, igi fir tí ẹ̀ka rẹ̀ ti kan ilẹ̀ ló dára jù fún ẹni tó fẹ́ kúnlẹ̀. Á kàn fi ẹ̀yìn wọ inú ẹ̀ka náà díẹ̀, ó parí. Nínú igbó páìnì tí wọ́n ń pè ní lodgepole, ọ̀rọ̀ yàtọ̀. Àwọn igi náà ga, wọ́n tín-ín-rín, wọ́n sún mọ́ra, ẹ̀ka ìsàlẹ̀ wọn ti gbẹ dànù, kò sì sí ewé nílẹ̀. Níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ọdẹ máa ń dúró lóòró, kí wọ́n fara ti igi méjì tàbí mẹ́ta tó sún mọ́ra, torí pé ohun gbogbo tó wà níbẹ̀ ló dúró lóòró. Gbòǹgbò igi ńlá tó ti wó náà dára, ó ṣókùnkùn, ó sì ga tó ènìyàn. Igi aspen ló máa ń tan ọdẹ jẹ. Èèpo rẹ̀ funfun, oòrùn ń wọlé dáadáa sí ìdí rẹ̀, ẹni tó wọ aṣọ dúdú tó fara ti igi aspen á hàn láti ọ̀nà jíjìn. Nínú igbó bẹ́ẹ̀, páìnì kékeré tó dá hù sáàárín wọn ni ẹ máa wá. Ní ìwọ̀ oòrùn Colorado, igi oak kúkúrú kan wà tí wọ́n ń pè ní Gambel, ó máa ń ki, ó máa ń ga tó ènìyàn, kò sì sí ibi tí ọfà máa gbà nínú rẹ̀ bí kò ṣe ojú ọ̀nà tí ẹran ti là. Etí irú ọ̀nà bẹ́ẹ̀ ni ọdẹ ń lọ, kì í wọ inú oak.

Ibòji ṣe pàtàkì ju igi fúnra rẹ̀ lọ nígbà mìíràn. Igi kan náà, tí oòrùn bá ń tàn sí iwájú rẹ̀ láàárọ̀, ojú ọdẹ á máa dán, àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ á máa dán, irin ara ọrun á máa kọ mànà. Tó bá bọ́ sí ẹ̀gbẹ́ tí ibòji wà, gbogbo ìyẹn á pa. Ẹni tó bá fẹ́ pẹ́ níbì kan ní láti rò ó pé oòrùn ń rìn. Ibi tó ṣókùnkùn ní aago méje lè mọ́lẹ̀ rekete ní aago mẹ́sàn-án. Orí òkè tí ojú ọ̀run ti wà lẹ́yìn ẹni ni kí èèyàn má dúró sí rárá. Ní ti aṣọ aláwọ̀ ewé tí àwọn oníṣòwò ń polówó ní owó gọbọi, ó wúlò, àmọ́ mi ò rí i pé ó tó ohun tí wọ́n ń fi ariwo pa. Ẹni tó wọ aṣọ àtijọ́ aláwọ̀ ilẹ̀ tó dúró jẹ́ẹ́ nínú ibòji sàn ju ẹni tó wọ aṣọ olówó iyebíye tó ń mì. Kí ó ṣáà bo ojú àti ọwọ́ rẹ̀, kí ó sì yẹra fún búlúù.

Bí ọdẹ bá ti yan ibi tán, iṣẹ́ kékeré kan kù tí kò gbọdọ̀ fò. Á fi ẹsẹ̀ rọra gbá ewé gbígbẹ àti igi wẹ́wẹ́ kúrò lábẹ́ orúnkún rẹ̀, kó lè yí sọ́tùn-ún sósì láìdún. Á ṣẹ́ ẹ̀ka gbígbẹ tó lè kan ọrun, kò ní gé igi tútù lulẹ̀. Á fi ẹ̀rọ ìwọn-jíjìn wo igi kan tó wà ní mítà 20, òkúta kan tó wà ní 30, kó fi wọ́n sọ́kàn, nítorí pé bí ẹran bá dé, kò ní sí ọwọ́ tó máa fi gbé ẹ̀rọ mọ́. Ìṣẹ́jú kan ni gbogbo ìyẹn máa ń gbà. Nígbà mìíràn akọ á ké láti mítà 100 lójijì, ìṣẹ́jú kan yẹn gan-an kò ní sí. Nígbà náà, ọdẹ á kúnlẹ̀ síwájú igi tó bá wà lẹ́bàá rẹ̀.

Apá tó rú èèyàn lójú jù lọ nìyí, òun sì ni mo kà sí ọkàn ọ̀rọ̀ yìí. Kì í ṣe ibi tí ọdẹ fara pamọ́ sí nìkan ló ṣe pàtàkì. Ohun tí igbó ń bò lójú elk náà ṣe pàtàkì.

Elk mọ ibi tí ohùn ti wá dáadáa. Bó bá gbọ́ abo tó ké, kò ní máa wá a kiri. Á mọ̀ pé ẹ̀yìn òkè kékeré yẹn ni, tàbí ẹ̀gbẹ́ páìnì mẹ́ta yẹn. Á rìn títí dé ibi tí ojú rẹ̀ ti lè rí ibi tí ohùn náà ti jáde. Níbẹ̀ á dúró. Á wò. Ó yẹ kí abo wà níbẹ̀, kò sì sí. Á dúró fún ìgbà díẹ̀, á yí padà, á lọ. Àìmọye ọdẹ ló ń ròyìn pé ẹran dé mítà 70, ó kọ̀, kò wá mọ́, wọ́n á ní ó gbọ́n jù. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé láti mítà 70 yẹn, gbogbo ibi tí ọdẹ wà ti hàn gbangba, kò sì sí ìdí kankan tí ẹran fi máa sún mọ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Nítorí náà, ẹni tó gbọ́n á yan ibi tí ojú elk kò lè dé títí tó fi máa wọ inú ìwọ̀n ọfà. Bí ilẹ̀ bá rọra gun òkè tó sì tún sọ̀, á kúnlẹ̀ ní mítà 25 sẹ́yìn ibi tó ga jù, kí ó lè jẹ́ pé nígbà tí orí akọ bá yọ lókè, ó ti dé tán. Tàbí etí igbó tó ki, níbi tí ẹran ti ní láti jáde kó tó lè rí nǹkan. Tàbí ibi tí ọ̀nà ẹran ti ya kọ̀rọ̀. Pápá gbalasa tó rẹwà tí èèyàn ti lè rí ẹran láti ọ̀nà jíjìn, tó dùn ún wò nínú fídíò, ibẹ̀ ló burú jù láti pè é, nítorí òun náà ń rí ọ láti ọ̀nà jíjìn.

Bí ọdẹ méjì bá ń ṣe é pọ̀, ọ̀nà mìíràn wà. Ẹni tó ń pè á fà sẹ́yìn tó mítà 40 sí 50, ẹni tó ní ọrun á wà níwájú. Akọ tó bá dúró ní mítà 70 sí ẹni tó ń pè ti wà ní mítà 20 tàbí 30 sí tafàtafà, ojú rẹ̀ sì ń wo ibi tí ohùn ti wá, kò wo ẹni tó kúnlẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà rẹ̀. Ẹni tó ń pè kò ní dúró sójú kan. Á máa rìn lọ sọ́tùn-ún àti sósì, á máa fi igi ha ara igi, á máa ṣẹ́ ẹ̀ka kí ó lè dún bí agbo ẹran gidi. Bí akọ bá fẹ́ yà lọ síbì kan, ẹni tó ń pè á rìn lọ sí òdìkejì kó lè fà á padà sọ́nà tafàtafà. (Ní Wyoming àti Montana, níbi tí béárì grizzly wà, ẹni tó ń ké bí abo elk láàárín igbó gbọ́dọ̀ rántí pé kì í ṣe akọ elk nìkan ló ń gbọ́ ọ. Agolo ata tí wọ́n ń fín sójú béárì kì í kúrò ní ìbàdí ọ̀pọ̀ ọdẹ níbẹ̀.)

Gbogbo èyí ò já mọ́ nǹkan bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti ọ̀dọ̀ ọdẹ lọ bá ẹran. Elk lè rí ohun tó ṣàjèjì kó dúró wò ó. Ó lè gbọ́ ìró kó dúró dẹtí. Bó bá ti gbóòórùn ènìyàn, kì í dúró yẹ̀ ẹ́ wò, á sá ni. Ìdí nìyẹn tí ọdẹ fi ń gbé ike kékeré tó ní ìyẹ̀fun nínú, tó ń fún un pọ̀ kó rí ibi tí ìyẹ̀fun ń gbà.

Lórí òkè, afẹ́fẹ́ ní àkókò tirẹ̀. Ní òwúrọ̀ kùtùkùtù, ilẹ̀ tutù, afẹ́fẹ́ tó kan ilẹ̀ náà tutù, ó wúwo, ó ń ṣàn sọ̀ kalẹ̀ lọ sí àfonífojì. Bí oòrùn bá ti ran ara òkè gbóná, afẹ́fẹ́ yẹn á fúyẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè. Ìrọ̀lẹ́, á tún sọ̀ kalẹ̀. Láàárín ìyípadà méjèèjì, á máa lọ síhìn-ín sọ́hùn-ún, kò ní sí ẹni tó lè gbójú lé e. Elk a máa jẹko nísàlẹ̀ lóru, á sì gòkè lọ sùn nínú igbó láàárọ̀. Ọdẹ tó bá tẹ̀ lé wọn láti ìsàlẹ̀ ní ìdájí ní afẹ́fẹ́ lójú, ó dára fún un; bó bá di pé oòrùn gbóná tó ṣì wà nísàlẹ̀ wọn, òórùn rẹ̀ ń gòkè lọ bá wọn, kí ó yára kúrò níbẹ̀ kó gba ẹ̀gbẹ́.

Akọ tó gbọ́n náà mọ̀ nípa afẹ́fẹ́. Bó bá ń bọ̀ wá bá ohùn, ó sábà máa ń yí po díẹ̀ lọ sí ìhà tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ lọ, kó lè gbóòórùn abo náà kó tó fara hàn. Nítorí náà, bí afẹ́fẹ́ bá ń fẹ́ láti òsì lọ sí ọ̀tún, tafàtafà kò ní kúnlẹ̀ sórí ìlà tààrà tó wà láàárín ẹran àti ẹni tó ń pè. Á wà níwájú ẹni tó ń pè, á sì yà sí ọ̀tún díẹ̀, kí akọ tó ń yí po lè gba iwájú rẹ̀ kọjá kí òórùn ẹnikẹ́ni tó kàn án. Ẹni tó bá ní igi tó dára jù lọ láyé ní òsì, tí igi kan tí kò fi bẹ́ẹ̀ dára sì wà ní ọ̀tún, ọ̀tún ni kó lọ.

Ó ku fífa ọrun. Èyí ni ìmìra ńlá kan ṣoṣo tí ọdẹ kò lè yẹ̀ sílẹ̀, nítorí náà ó ní láti wá ìgbà tí ojú ẹran kò ní rí i. Ibí yìí ni igi tó wà níwájú ti wúlò, kì í ṣe igi tó wà lójú ọdẹ, bí kò ṣe igi ńlá kan tàbí méjì ní ẹ̀bá ọ̀nà ẹran. Bí orí akọ bá ti wọ ẹ̀yìn igi yẹn tí ojú rẹ̀ bò, ọdẹ á fa ọrun. Bó bá jáde ní òdìkejì, ohun gbogbo ti wà ní sẹpẹ́. Ọrun oníkẹ̀kẹ́ ló jẹ́ kí èyí rọrùn. Holless Wilbur Allen ará Missouri ló gba ìwé àṣẹ olùṣẹ̀dá lórí rẹ̀ ní 1969. Àwọn kẹ̀kẹ́ tó wà létí rẹ̀ máa ń jẹ́ kí ẹrù ọsán fúyẹ́ nígbà tí wọ́n bá ti fà á tán, ó lè fúyẹ́ tó ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí náà ọdẹ lè dì í mú fún ìgbà díẹ̀ bí ẹran bá dúró lẹ́yìn igi. Ẹni tó ń lo ọrun àtijọ́ kò ní irú ìsinmi yẹn. Gbogbo ẹrù náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ pé bó ti ń fà á ló ń tú u sílẹ̀. Bí ẹran kò bá dúró, ọdẹ á ké ohùn abo ní ṣókí, ọ̀pọ̀ ìgbà á dúró gbọ́.

Ibi tí èèyàn kúnlẹ̀ sí ló tún ń pinnu apá tí ẹran máa kọ sí i. Elk tó ń bọ̀ tààrà sí ojú ọdẹ kò fi nǹkan kan lélẹ̀ bí kò ṣe àyà tó kún fún egungun, ojú rẹ̀ méjèèjì sì ń wo ọdẹ. Ẹni tó yà sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ń rí ìhà rẹ̀, níbi tí ẹ̀dọ̀fóró méjèèjì wà lẹ́yìn èjìká. Èyí tó dára jù ni kí ẹran ti fẹ́ kọjá tán, kó kọ ẹ̀yìn sí ọdẹ díẹ̀, nítorí ojú rẹ̀ ti wo ibòmíràn, ọfà sì lè wọlé lẹ́yìn egungun ìhà lọ síwájú. Akọ tó bá kọjú sí ọdẹ gan-an tí kò yà, ọdẹ tó ní sùúrù á fi í sílẹ̀, bó tiẹ̀ wà ní mítà 15.

Ṣé ìgbà kan wà tó yẹ kí ọdẹ wà lẹ́yìn nǹkan? Ó wà. Igi tó ṣubú tí kò ga ju orúnkún lọ, tí ọrun lè gba orí rẹ̀ kọjá, kò ṣe nǹkan. Ó tiẹ̀ ń bo ìmìra ẹsẹ̀. Lẹ́bàá omi tàbí ẹrẹ̀ tí akọ ti ń yí ara, àwọn kan máa ń gbé àgọ́ aṣọ kékeré kalẹ̀ tó ní fèrèsé, wọ́n á jókòó sínú rẹ̀ láti ọ̀sán títí ilẹ̀ fi ṣú. Inú irú àgọ́ bẹ́ẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣókùnkùn, fèrèsé ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ wà ní títì kí ìmọ́lẹ̀ má fi òjìji ọdẹ hàn, aṣọ dúdú ni wọ́n sì ń wọ̀ níbẹ̀, kì í ṣe aláwọ̀ ewé. Kí ọdẹ kọ́kọ́ jókòó sínú rẹ̀ kó fa ọrun wò kí ọjọ́ ọdẹ tó dé, nítorí orí ọrun a máa kan òrùlé aṣọ náà ju bí èèyàn ṣe rò lọ.